Nígbà Tí Ọkọ àti Ìyàwó Jọra Bí Ọmọ Ìyá: Bí A Ṣe Tún Dátà RNA Ìdílé 14 Yẹ̀ Wò ní Àkúrẹ́

Àbúrò kan tó ń ṣe PhD níbí ní Àkúrẹ́ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ẹ̀ ń dùn gan-an, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo dátà yìí, ó dà bíi pé a ti rí nǹkan ńlá o." Mo ní kó fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo ṣí i, nínú jínì bíi 12,000 tó kà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mọ́dẹ́lì ẹ̀ ò pè ní àjogúnbá. Ohun tó ń sọ ni pé ìdí tí RNA jínì kan, ìyẹn ìwé iṣẹ́ tí jínì máa ń kọ jáde tó bá ń ṣiṣẹ́, fi pọ̀ lára ẹnì kan tó sì kéré lára ẹlòmíì, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti wá, fún gbogbo jínì. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òwú. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ń yí padà pẹ̀lú ibà, pẹ̀lú oògùn, pẹ̀lú oúnjẹ, kódà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ò rí bákan náà, torí ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ jínì fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni àjogúnbá ń kó nínú ọ̀rọ̀ wọn. Inú tiẹ̀ ń dùn, àyà tèmi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìdílé 14, èèyàn 61, láti Àkúrẹ́, Ìdànrè, Ọ̀wọ̀ àti Òǹdó. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ó kéré tán ọmọ kan jẹ́ SS, àwọn tó kù jẹ́ AA tàbí AS. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ méjì tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, ìyá kan bàbá kan, inú ilé kan náà, ọ̀kan á máa wọ ọsibítù ṣáá, èkejì á máa lọ síléèwé ẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ṣé àwọn jínì tó ń darí ìjà ara, ìyẹn bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, nínú ẹ̀jẹ̀ ni kì í ṣiṣẹ́ bákan náà lára wọn ni? Ìbéèrè gidi ni, mo mọ ilé mélòó kan ládùúgbò mi tí wọ́n ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè yẹn.

Ìgò PAXgene ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń gba 2.5 ml, omi oògùn tó wà nínú ẹ̀ ló ń mú RNA dúró sójú kan kó má yí padà mọ́. Wọ́n gba ìgò méjì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n lo ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sí fírísà, ẹ rántí ìgò kejì yẹn o. Ìdílé kan ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ kan, torí ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti Ìdànrè pẹ̀lú ọmọ tó ń ṣàìsàn, bí wọ́n sì ṣe gbà á náà ni wọ́n ṣe ń yọ RNA ẹ̀ ní láàbù, ìdílé kan, ọjọ́ kan, fọ́ọ̀mù kan. Àánú àwọn èèyàn náà ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe é pẹ̀lú àìbìkítà. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà gbà wọlé.

TPM, ìlànà ìṣirò kan tó ń sọ iye jínì kọ̀ọ̀kan di ìpín nínú mílíọ̀nù kan, ni àbúrò mi kọ́kọ́ lò láti mú dátà náà dọ́gba, ohun tí wọ́n ń pè ní normalization. Ohun tó rí ni pé lára àwọn ọmọ SS, ẹgbẹẹgbẹ̀rún jínì ló lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti kọ ọ́ síwèé pé àìsàn náà ń pa ohùn jínì. Mo ní kó dúró ná. Ẹ̀rọ tó ń ka RNA, bíi kọ́ńgò ni. Tó o bá da ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ sínú kọ́ńgò kan, tí ẹ̀wà bá ti pọ̀ jù, àgbàdo máa kéré nínú kọ́ńgò yẹn, kì í ṣe pé àgbàdo tán lóko, àyè ni ò sí fún un. Nínú ẹ̀jẹ̀, globin ni ẹ̀wà náà, ìyẹn RNA àwọn jínì tó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, ó lè kó tó ìdá 70 nínú 100 gbogbo mRNA (irú RNA tí à ń kà yìí) inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo bíi ọjọ́ 120 kó tó kú, ti ẹni tó jẹ́ SS ò ju bíi ọjọ́ 10 sí 20 lọ, torí náà ara ọmọ SS ò sinmi, gbogbo ìgbà ló ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọdé yẹn sì ni RNA globin ṣì kún inú wọn. Globin ti gba kọ́ńgò wọn kún, TPM ní tiẹ̀ sì ti sọ pé àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan fún oníkálukú, kí làwọn jínì tó kù fẹ́ ṣe ju kí wọ́n sún sẹ́yìn lọ?

A yọ àwọn jínì globin, ìyẹn HBA1, HBA2, HBB àtàwọn ẹbí wọn, kúrò nínú kíkà náà pátápátá, lẹ́yìn náà a lo TMM, ìlànà normalization míì tí wọ́n gbé jáde ní 2010. TMM gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú jínì ò yàtọ̀ láàárín ẹni méjì, á gé àwọn tó ga jù àti àwọn tó lọ sílẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́, á wá fi àwọn tó wà láàárín wá ìwọ̀n tó yẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jínì tó ti "lọ sílẹ̀" padà sí àyè wọn, ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù láàárín SS àti AA wá jẹ́ èyí tó ní ìtumọ̀. Ìyẹn yanjú. Àmọ́ gbogbo jínì ṣì ń jẹ́ àjogúnbá, kò yí padà rárá.

Ẹnì kan ní láàbù wọn wá dá a lámọ̀ràn pé kó lo quantile normalization, ó sì lò ó kó tó sọ fún mi. Ọgbọ́n yẹn ti wà tipẹ́, 2003 ni wọ́n ti ń lò ó fún microarray, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka RNA. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa fipá mú kí ètò iye gbogbo èèyàn rí bákan náà, bí ìgbà tí télọ̀ bá fi ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo rán aṣọ ẹbí fún gbogbo àwọn tó ń lọ sóde. Ó pa lára ìyàtọ̀ tòótọ́ tó wà láàárín SS àti AA rẹ́, kò sì fọwọ́ kan wàhálà tá a ń wá. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tó ń dà wá láàmú kì í gbé gbogbo jínì sókè tàbí sísàlẹ̀ pa pọ̀, jínì yìí á lọ sókè, tọ̀hún á lọ sílẹ̀, àpapọ̀ wọn ò ní fi hàn.

Ìgbà yẹn ni mo bi í ní ìbéèrè kan tó yí gbogbo nǹkan padà. Mo ní "Àwọn tọkọtaya inú dátà yìí, ṣé wọ́n bára wọn tan?"

Ó ní "Háà, ẹ̀gbọ́n! Rárá o. A bi wọ́n ká tó gba ẹ̀jẹ̀. Ta ló ń fẹ́ ìbátan ẹ̀ nílẹ̀ yìí?"

Lóòótọ́, Yorùbá á ti wádìí ìdílé méjèèjì kí wọ́n tó gbé ìdáná, DNA wọn náà sì sọ bẹ́ẹ̀, ìbátan tó wà láàárín ọkọ àti ìyàwó nínú dátà náà ò ju èyí tó wà láàárín àjèjì méjì lọ. Mo ní kó lọ ka bí ọkọ ṣe jọ ìyàwó nínú iye RNA jínì kọ̀ọ̀kan, kó ka ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà, kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ ìyá kan bàbá kan máa ń ní bíi ìdajì DNA wọn pa pọ̀. Tó bá jẹ́ àjogúnbá lóòótọ́, ọmọ ìyá gbọ́dọ̀ jọra, tọkọtaya ò gbọ́dọ̀ jọra. Ó pè mí padà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bákan náà ni wọ́n. Ọkọ àti ìyàwó jọra bí ọmọ ìyá."

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa. Kí ni tọkọtaya jọ ní tí kì í ṣe DNA? Ilé kan, ìkòkò ọbẹ̀ kan, ẹ̀fọn kan náà, ó sì tún kan ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n yọ RNA wọn. A ṣí ìwé àkọsílẹ̀ láàbù. Ọjọ́ 14 fún ìdílé 14, kò sí ìdílé kan tó pín ọjọ́ pẹ̀lú òmíì. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí iná lọ pẹ́, tí fírísà yọ̀, RIN ìdílé méjì tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn lọ sílẹ̀ gan-an, ìyẹn máàkì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá RNA ṣì pé tàbí ó ti já, láti 1 dé 10. A tún wo jínì tó ya ìdílé sọ́tọ̀ jù, FOS àti JUN ló wà lókè pátápátá, àwọn jínì tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ gbá ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí wọ́n á ti ta kìjí. Ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà là ń kà, a sì ń pè é ní ogún ìdílé.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé àwọn tí ò ní owó nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ mọ̀ pé ìlà DNA Yorùbá Ìbàdàn wà nínú HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó kó DNA oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, èèyàn 90, gbogbo ayé ló ń lò ó títí dòní. Láàárín àwọn ẹ̀yà míì tó wà nínú HapMap yẹn kan náà, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2007 pé bí jínì ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tó wá láti Yúróòpù yàtọ̀ gan-an sí ti àwọn ará Éṣíà, kó tó pẹ́ àwọn míì tún dátà náà wò, wọ́n ní ẹ wò ó, ọdún tí wọ́n ṣe ti àwọn èyí yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n ṣe ti àwọn tọ̀hún, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yà àti èyí tó jẹ́ ti ọdún? Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyẹn, àfi pé ìdílé àti ọjọ́ ni tiwa.

Àbúrò mi ò dúró. Ó lọ lo ComBat, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan àti òmíì kúrò, ó sọ fún un pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀wọ́ kan, kó yọ ipa ọjọ́ kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì gbogbo àjogúnbá ti pòórá, òdo ni gbogbo ẹ̀, tọkọtaya ò jọra mọ́. Prof tó ń darí ẹ̀ ní ó tán, dátà ti mọ́. Èmi ní ká pe ẹlẹ́rìí kan wá ná.

Ẹlẹ́rìí náà ni ERAP2. Jínì yìí, ẹ̀dà kan wà tí RNA ẹ̀ máa ń bàjẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ẹni tó bá gba ẹ̀dà yẹn lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, jínì náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọhùn lára ẹ̀ rárá. Ó wà bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, kò sí ọjọ́ tàbí fírísà tó lè yí i padà. GSTM1 náà rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ò ní jínì náà rárá nínú DNA wọn. Tí normalization yín bá dáa, àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ àjogúnbá lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn ComBat tiwa, ERAP2 ti kú. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ ìyá kan náà wá dà bí ọ̀tá, tí ti ẹ̀gbọ́n bá ga ti àbúrò á lọ sílẹ̀.

Ó yà á lẹ́nu, àmọ́ ìṣirò ni, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kan ni ìdílé kan, torí náà tó o bá yọ àròpín ọjọ́, àròpín ìdílé lo yọ yẹn. Tó o bá sì ti yọ àròpín èèyàn mẹ́rin kúrò lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ di òdo tó o bá rò ó pọ̀, ẹni tó bá lọ sókè, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ fún un. Fún èèyàn mẹ́rin ìjọra wọn á já sí nǹkan bíi -0.33, fún márùn-ún -0.25. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá lo inverse normal, ìlànà tó ń to àwọn èèyàn sí ipò kó tó fún wọn ní iye tuntun, tẹ́ ẹ sì to àwọn èèyàn nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn pa pọ̀ ni kẹ́ ẹ tò. Ohun tí Prof pè ní mímọ́ yẹn, a ti da omi ìwẹ̀ nù tọmọtọmọ.

A tún gbìyànjú PEER, ètò kọ̀ǹpútà míì, kó bá wa wá àwọn nǹkan tó fara pamọ́ tó ń yí dátà padà. Ó rí wọn lóòótọ́, ọ̀kan jẹ́ RIN, ọ̀kan jẹ́ iye neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ méjì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yà wọ́n sójú pátákó, ìdílé ni wọ́n ń pín sọ́tọ̀. Ọjọ́ ni àbí àjogúnbá? Kò sí bí PEER ṣe fẹ́ mọ̀, èmi náà ò lè mọ̀. Nínú dátà àwọn tí ò bára tan, èèyàn lè gbá wọn dànù láìwẹ̀yìn. Nínú dátà ìdílé, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó fara pamọ́ náà jẹ́ àjogúnbá kẹ́ ẹ tó jù ú nù, ó lè jẹ́ jínì ńlá kan tó ń darí ọgọ́rùn-ún jínì míì lẹ fẹ́ sọ nù.

Prof bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé a ti da owó àti ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí nù ni. Ìbéèrè yẹn dùn mí, torí mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan dúró láti aago méje àárọ̀. Mo ní rárá sà. Ìdajì àjogúnbá ṣì wà nínú ìdílé, torí bàbá àti ìyá ò fún gbogbo ọmọ ní ohun kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ ò lè fọwọ́ kàn án. Ìyẹn tó láti dán jínì tí ẹ̀dà DNA tó wà nítòsí ẹ̀ ń darí wò. Àmọ́ láti sọ pé ìdá báyìí báyìí jẹ́ àjogúnbá, inú ìdílé nìkan ò tó fún èèyàn 61, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ̀gbọ́n tàbúrò lẹ máa nílò. Àbúrò mi ló wá rántí ìgò kejì.

Owó tó wà lọ́wọ́ ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. A mú èèyàn méjì láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìgò 28, a pín wọn sí ọjọ́ mẹ́rin, méje méje, a ṣẹ́ kèké lórí ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ẹni méjì láti ìdílé kan náà lọ́jọ́ kan. A tún da RNA àwọn mélòó kan pọ̀ sínú ìgò kékeré kan tó máa bá gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, kó lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ wo ohun tí èyí fún wa: ẹnì kan náà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ tí wọ́n yọ RNA ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ohun tó bá yí padà láàárín ìgò kìíní àti ìgò kejì, kò lè jẹ́ àjogúnbá láé. Àárín wọn la ti mọ ipa ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kan ìdílé.

Ibẹ̀ la tún ti rí i pé wọ́n ti gbé ìgò ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti àbúrò ẹ̀ obìnrin fún ara wọn nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ kìíní, XIST, jínì tó máa ń ṣiṣẹ́ lára obìnrin, ń ké lára ọkùnrin, RPS4Y1, tó jẹ́ ti ọkùnrin, ń ké lára obìnrin. Kò sí normalization tó lè wo irú ìyẹn sàn, àyẹ̀wò yẹn ló yẹ kó ṣíwájú gbogbo nǹkan, iṣẹ́jú márùn-ún ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi DNA yẹ ìyá àti ọmọ wò náà, ẹ ti bá ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó wà nínú ìwádìí, fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí bàbá inú fọ́ọ̀mù ò bá jẹ́ bàbá inú DNA, torí ilé àwọn èèyàn lẹ wọ̀ yẹn.

Mọ́dẹ́lì tá a lò gbẹ̀yìn ò le. A yọ globin, a lo TMM, a mú un wá sí log CPM, ìyẹn kíkà nínú mílíọ̀nù kan lórí òṣùwọ̀n log. A fi ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, jẹ́nótáìpù, RIN àti iye sẹ́ẹ̀lì funfun sí i. Lẹ́yìn náà la fi nǹkan mẹ́ta tó ń jà du ìyàtọ̀ náà síbẹ̀, kí wọ́n bára wọn sọ ọ́: ìbátan inú DNA, ọjọ́ tí wọ́n yọ RNA, àti ilé. Ilé ṣe pàtàkì, torí ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gan-an ò ṣeé yà kúrò lára ìdílé, ìgò kejì ò lè tún ìyẹn ṣe, tọkọtaya sì ni wọ́n ń jẹ́ kí mọ́dẹ́lì mọ ti ilé yàtọ̀ sí ti àjogúnbá. FOS àti JUN bọ́ sílẹ̀. Ìjọra ọkọ àti ìyàwó wá sílẹ̀ sẹ́bàá òdo fún èyí tó pọ̀ jù nínú jínì. ERAP2 dúró digbí, GSTM1 dúró. Jínì tó kù tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé àjogúnbá ni ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, díẹ̀ nínú wọn sì wà lára àwọn tó ń darí ìjà ara tó ń wá. Kò tíì lè sọ pé àwọn ló ya ọmọ tó ń wọ ọsibítù sọ́tọ̀ sí èkejì ẹ̀, ìdílé 14 kéré fún ìyẹn. Torí ẹ̀ ló ṣe ń gba àwọn míì báyìí.

Tí ìdílé bá wá báyìí, wọ́n ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, owó ọkọ̀ ò tíì yí padà. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ fírísà, ìgò kò ní orúkọ ìdílé lára mọ́, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké lé lórí ló ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n máa yọ RNA oníkálukú, àpótí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Ní Òǹdó lóṣù tó kọjá, ìyá kan rí i bí wọ́n ṣe ń kó ìgò ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí mẹ́ta, ojú ẹ̀ yí padà, ó ní "Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ ya àwọn ọmọ mi sọ́tọ̀? Àbí ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan tẹ́ ẹ ò fẹ́ sọ fún mi?" Àbúrò mi kúnlẹ̀ tì í, ó ní "Rárá o, mà. Tá a bá kó wọn sínú àpótí kan, tí iná wá lọ lọ́jọ́ tá a fẹ́ lò wọ́n, a máa rò pé ohun tí iná ṣe fún wọn, ara yín ni wọ́n ti jogún ẹ̀." Ìyá náà rò ó díẹ̀, ó ní kí wọ́n yáa pín wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan báyìí, kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni.